Aṣọ Inú Ìwé Àjọkẹ́

Mo ti bá ìwé jà rí. Kì í ṣe ìwé ilé ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Ìwé àwòrán lásán ni, ó nípọn bí odindi búrẹ́dì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ gáùn aláwọ̀ ọsàn ló wà níwájú rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Lọ́dún tí owó Údójì jáde, tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ìwé yẹn wà lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù Àjọkẹ́ tó ń ṣe irun, èmi Súlìyát wà lẹ́yìn máṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ ló là wá láàárín. Mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá délé, mò ń gbọ́ ọ nídìí ìkòkò ọbẹ̀.

Òpópónà Oguta la wà, ní Onitsha. Ọdún kejì lẹ́yìn ogun ni èmi àti Gàfárù ọkọ mi dé láti Ìkìrun, nígbà tí ojú ọta ìbọn ṣì wà lára ògiri, tí wọ́n ń kọ́ ọjà ńlá padà. Ilé ń dìde níbi gbogbo, Gàfárù sì ń fi lọ́rì kó sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì pọ̀ lórí òkun débi pé wọn kò rí àyè já ẹrù. Oṣù bí mélòó kan ni Gàfárù fi wà ní Àpápá, ó ń dúró de ẹrù, ó ń jẹ owó tó yẹ kó fi ránṣẹ́. Máṣíìnì mi méjèèjì ló ń bọ́ èmi àti Àmínát ọmọ mi.

Rárá, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Kì í ṣe máṣíìnì. Ta ni kò ní máṣíìnì ní Onitsha? Ẹnu mi ló ń bọ́ wa. Bí mo bá yí téèpù ká ara obìnrin, tí mo ní àyà rẹ̀ jẹ́ méjìdínlógójì, méjìdínlógójì ni, kò ní lé, kò ní dín. Àwọn oníbàárà mi a máa sọ fún ara wọn pé, "Mama Amina eye na tape." Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń fi yangàn díẹ̀.

Ìyá Ọ̀ṣúndé, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìkìrun, kọ́ mi pé wíwọn kò ní owó. Ẹni tó bá wọlé tó ní kí o wọn òun, wọ̀n ọ́n, ì báà gbé aṣọ wá, ì báà má gbé e wá. Ó ní télọ̀ tó bá ń gba owó wíwọn kò yàtọ̀ sí onílé tó ń ta omi mímu fún àlejò. Gbogbo àwa tí a kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ la di ẹ̀kọ́ yẹn mú, èmi di tèmi mú fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó kù díẹ̀ kó sọ mí di alágbe.

Ọmọ Ìkirè ni Àjọkẹ́. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé a jọ máa ń bú ara wa ṣeré láti àárọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn ọdún tuntun ló lọ kí àbúrò rẹ̀ l'Ékòó, ló bá gbé ìwé náà bọ̀. Ilé ìtajà kan níbẹ̀ ló ni í. Àwọn yẹn kò ní ṣọ́ọ̀bù kankan lẹ́yìn odi Èkó, ìwé ni ṣọ́ọ̀bù wọn. O ó mú aṣọ tó wù ọ́ nínú àwòrán, wọ́n á kọ ìwọ̀n ara rẹ sínú fọ́ọ̀mù, o ó ra ìwé owó ní pósófíìsì, o ó fi méjèèjì ránṣẹ́. Bó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gáùn rẹ á dé nínú ọ̀rá, tòun ti síìpù tòun ti bẹ́líìtì, ní náírà mẹ́fà. Bí ìwọ fúnra rẹ bá ra aṣọ lọ́jà tí o gbé e wá fún mi, kò lè dín ní mẹ́sàn-án. Lórí gáùn kọ̀ọ̀kan, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni ti Àjọkẹ́.

Kí n má sì tan ara mi, kò sí "wá lọ́la" nínú ìwé. Ta ni kò mọ̀ pé ìyá kan náà ló bí télọ̀ àti "wá lọ́la"?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le ni abẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun. Obìnrin tó bá jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ yẹn kò lè gbọ́rọ̀, kò lè sùn nítorí ooru, ọrùn rẹ̀ kò sì ṣeé yí. Kí ni yóò ṣe? Yóò ṣí ìwé. Nígbà tí irun máa fi gbẹ, ó ti rí gáùn méjì tó wù ú. Àjọkẹ́ á wá yọ orí sí mi láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn Madam kíákíá." Torí Àjọkẹ́ kò mọ téèpù lò. Orí nìkan ló mọ̀ lára èèyàn, láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ kò yé e.

Lóṣù kìíní, tẹ̀ríntẹ̀rín ni mo fi ń wọ̀n wọ́n. Lóṣù kejì, eyín mi ṣì ń hàn, ṣùgbọ́n inú mi ń hó. Nígbà tí oṣù kẹta máa fi parí, mo ti wọn obìnrin méjìlélọ́gbọ̀n láàárín oṣù náà, mẹ́rin péré ló gbé aṣọ wá fún mi. Àwọn ìyókù wọlé, wọ́n bọ́ ìborùn, wọ́n gbé apá sókè, mo wọ̀n wọ́n láti èjìká dé orúnkún, mo tún bá wọn yan àwọ̀ tí yóò yẹ wọ́n nínú ìwé, wọ́n ní "thank you, Mama Amina," wọ́n sì lọ sí pósófíìsì. Mo da aṣọ bo máṣíìnì kejì. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń bá mi gán bọ́tìnì pé kó lọ sinmi nílé títí n óò fi ránṣẹ́ pè é. Ó wò mí lójú, ó mọ̀ pé n kò ní ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan tí Àjọkẹ́ lọ pọn omi, mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo dúró níwájú ìwé, mo ní, "Ìwọ yìí, kí ni mo ṣe fún ọ?" Mo pariwo débi pé ẹni tó ń ta táyà lódìkejì títì na ọrùn wò mí. Obìnrin aláṣọ ọsàn ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Bóyá ká ní mo ti sọ ọ́ fún Àjọkẹ́ ni, ì bá sàn. Ká ní mo ti sọ pé, "Àjọkẹ́, ìwé rẹ ń pa mí." Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Èmi ẹ̀gbọ́n, kí n máa bẹ àbúrò nítorí àádọ́ta kọ́bọ̀ rẹ̀? Mo gbé e mì.

Ọjọ́ tí Mama Obiora wá ni mo ṣẹ̀. Mílíìkì àti súgà ló ń tà ní ọjà Bridge Head, obìnrin ńlá ọlọ́yàyà, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń mú kí ìkòkò mì. Ó ti yan gáùn dúdú kan tó ní òdòdó funfun. Ó gbé apá méjèèjì sókè fún mi, ó ní, "Mama Amina, measure me well o. If this one fit me, everybody for my line go buy am. We be eleven."

Mọ́kànlá. Mẹ́rin nínú àwọn mọ́kànlá yẹn, oníbàárà mi ni wọ́n. Mo yí téèpù ká àyà rẹ̀. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Mo rí i kedere. Àjọkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti bírò, ó ń retí kí n pe iye náà, èdè wa ni mo sì máa ń fi pè é fún un, Mama Obiora kò gbọ́.

Mo ní, "Mẹ́rìnlélógójì."

Àjọkẹ́ kọ ọ́. Ọkàn mi sọ pé kí n tún un pè kí ó tó dé ìbàdí. N kò tún un pè. Mo dé ìbàdí, mo tún yọ ínṣì méjì níbẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Àjọkẹ́ ń lọ kó ẹrù ní pósófíìsì. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ọjọ́ Ẹtì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, etí mi a máa wà lẹ́nu ọ̀nà Àjọkẹ́. Mo ń rò ó pé wọ́n á mọ̀. Mo tún ń rò ó pé ta ni yóò mọ̀? Mo ń rò ó pé bóyá Mama Obiora á tẹ́ẹ́rẹ́ sí i kí aṣọ tó dé. Ẹ wo irú ìrònú tí ẹ̀rù ń gbé sí àgbàlagbà lórí.

Aṣọ dé. Mama Obiora wọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù Àjọkẹ́, síìpù gùn dé agbedeméjì ẹ̀yìn, ó dúró, kò lọ mọ́. Àjọkẹ́ fà á, oníbàárà tó wá ṣe irun fà á. Mama Obiora kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ korò. Ó gbé gáùn náà wá bá mi, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. "Lagos people no sabi us," ló sọ. "Mama Amina, abeg, save me."

Mo tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, mo fi aṣọ dúdú lé e, mo gba náírà mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì ó gbé yáàdì mẹ́fà wá pé kí n bá òun rán tuntun, torí òun kò tún ní bá ìwé lọ mọ́. Mo ra ẹran. Mo ní kí Àmínát jẹ méjì.

Ẹni tó bá jẹ dídùn lẹ́ẹ̀kan á fẹ́ padà síbẹ̀. Mo ṣe é fún ẹlòmíràn, mo tún ṣe é. Mo gbọ́n sí i: n kò fọwọ́ kan àwọn tẹ́ẹ́rẹ́, n kò fọwọ́ kan àwọn tí kò ní ẹnu lọ́jà. Àwọn tí ariwo wọn ń lọ jìnnà ni mo ń dín kù, ínṣì méjì níhìn-ín, ínṣì kan àbọ̀ lọ́hùn-ún. Àjọkẹ́ náà ra gáùn kan fún ara rẹ̀. Mo pe tirẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ṣé mo lè ṣe é fún Àjọkẹ́ ni? Láàárín oṣù méjì, ó di èèyàn méje. Ọ̀rọ̀ náà sì ń ràn dáadáa: aṣọ inú ìwé kì í bá ara mu. Mo ká aṣọ kúrò lórí máṣíìnì kejì.

Ẹni keje ni Tíṣà Adaora láti Obosi. Gáùn tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìpínfúnni ẹ̀bùn nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí kò wọ̀ ọ́, kò bínú sí àwọn ará Èkó bí àwọn tó kù. Ó jókòó sórí àga mi, ó ní, "Mama Amina, it is me. I have become fat." Ó ní òun ti ń fi oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ láti ìgbà tí òun ti gbìyànjú rẹ̀ wò, òun kàn ń mu omi ni. Omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀. Ara obìnrin yẹn kò sanra rárá. Mo bá a kẹ́dùn lédè wọn pé, "Ndo, nne," mo ń tú aṣọ, abẹ́rẹ́ sì gún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí gan-an. Mo pinnu pé òun ni yóò kẹ́yìn.

Òun náà ló kẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé mo pinnu.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Àjọkẹ́ wọlé tọ̀ mí wá, ó jókòó lórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀. Mo wò ó, mo rí i pé ó ti rù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló ní, "ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹ gbọ́. Àwọn ará Èkó kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní aṣọ méje ló ti kọ̀ láti bá ara mu ní Onitsha níhìn-ín nìkan, pé kò rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Wọ́n ní ẹni tó ń wọ̀n ọ́n fún mi kò mọṣẹ́."

Mo ní, "Kí lo wá sọ?"

"Kí ni n óò sọ? Mo kọ̀wé padà pé ẹni tó ń wọ̀n ọ́n fún mi ti ń wọn èèyàn kí wọ́n tó bí ọ̀gá wọn. Mo ní bí téèpù yín bá sọ ọ̀rọ̀, mo lè fi orí mi dúró fún un." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Inú bí wọn. Wọ́n ní àwọn ń rán èèyàn bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti wá tún wọn àwọn obìnrin náà lójú ara rẹ̀. Mo ní kó máa bọ̀. Ẹ ó kàn dójú tì í fún mi ni."

Mo béèrè nípa owó àwọn obìnrin méjèèje. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní òun ti dá a padà fún wọn, láti inú owó tí òun fẹ́ fi ra ẹ̀rọ kejì tó ń gbẹ irun, torí òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá máa pariwo ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Orúkọ yín ni wọ́n fẹ́ bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n. N kò lè gbà."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ mọ bó ṣe rí kí èèyàn fẹ́ràn yín nígbà tí ẹ ń gbẹ́ kòtò sí i lẹ́sẹ̀? Mo fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀. Mo yanu. Mo rí Onitsha níwájú mi, ọjà Bridge Head, Obosi, gbogbo obìnrin tó ti gbé apá sókè fún mi láti ọdún mẹ́rin. Bí wọ́n bá gbọ́ pé Súlìyát mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ ìwọ̀n, ta ni yóò tún jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun? Kí ni n óò fi bọ́ Àmínát? Ó wá jẹ́ pé ohun tí mo sọ ni, "Ọlọ́run á ṣẹ́gun fún wa."

Ó ní, "Àmín, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n kò lè fi òwú wọ abẹ́rẹ́. Mo ń ronú pé kí n tilẹ̀kùn, kí n bá Gàfárù lọ sí Àpápá. Mo ń ronú pé kí n lọ bá àwọn obìnrin méje náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, mo rí téèpù mi lórí tábìlì, aṣọ lásán tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, mo sì rántí ohun tí gbogbo télọ̀ mọ̀: téèpù aláṣọ máa ń nà bó bá gbó. Bó bá nà, ara tó tóbi á dà bíi pé ó kéré.

Mo ti fèrèsé. Mo rẹ téèpù náà sínú omi gbígbóná, mo so orí rẹ̀ mọ́ ìṣó, mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú kọ́ ìdí rẹ̀. Ó ń fì, mo ń wò ó. Àmínát ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó bá mi níbẹ̀, ó béèrè ní èdè Ìgbò tó ti mọ̀ ju tiwa lọ pé kí ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń sá téèpù gbẹ ni. Ó ní, "Mama, why you come close window?" Mo ní kó lọ jẹun.

Nígbà tí mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo fi igi ìwọ̀n mi dán an wò. Ní ogójì, ó ti fi ínṣì kan àbọ̀ gùn sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá dé láti Èkó, ọkùnrin kúkúrú tó so táì, ó gbé àpò aláwọ kan lọ́wọ́. Ó bọ̀wọ̀ fún mi púpọ̀, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Márùn-ún nínú àwọn obìnrin náà ti wá, Mama Obiora ló ṣáájú wọn. Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá fa téèpù tirẹ̀ yọ, ó fún obìnrin kan tó wá ṣe irun lọ́dọ̀ Àjọkẹ́ pé kó yí i ká àyà Mama Obiora, òun fúnra rẹ̀ ka nọ́ńbà rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán. Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó ṣí fọ́ọ̀mù. Mẹ́rìnlélógójì.

"Ta ló wọn èyí?" ló béèrè.

Àjọkẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un wọ̀n lójú yín, kí ẹ rí i."

Mo dìde. Mo mú téèpù mi, mo yí i ká Mama Obiora, mo fi ọwọ́ sí ojú ibi tó pàdé, n kò pe nọ́ńbà kankan, mo ní kí ọkùnrin náà wá wò ó fúnra rẹ̀. Ó wò ó. Mẹ́rìnlélógójì àti díẹ̀. Ojú rẹ̀ dàrú. Ó gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ láti òpin kan dé èkejì.

"Haa," ló sọ. "Màmá, téèpù yín ti nà."

Mama Obiora ló kọ́kọ́ pariwo. "Na tape! You see? Na old tape!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ń sọ fún mi pé ndo, ndo, pé kò sí ẹni tó mọ̀. Tíṣà Adaora dì mọ́ mi. Ó ní, "So I am not fat?" Mo ní kò sanra, mo sì bú sẹ́kún lójú gbogbo wọn. Wọ́n rò pé ìtìjú téèpù ni.

Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Àjọkẹ́, ó ní òfin ilé iṣẹ́ àwọn ni pé bí àṣìṣe bá ti ọ̀dọ̀ aṣojú wá, aṣojú ni yóò ru ú. Gáùn méje, ti Àjọkẹ́ ni wọ́n. Ó sì ní òun ní láti gba ìwé àwòrán náà padà. Mo dúró níbẹ̀, mo ń gbọ́. Àjọkẹ́ kò bá a jà. Ó gbé ìwé náà fún un, ó ní, "Kò burú. Mo kàn dúpẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣì í." Mo ká téèpù mi kúrò lórí tábìlì. Ọkùnrin náà lọ.

Mo rò pé mo ti bọ́. Mo ra téèpù tuntun, mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo ń retí. Ìwé kò sí mọ́; ta ló kù tí wọ́n máa bá lọ bí kì í bá ṣe èmi? Àwọn kan wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ béèrè bóyá mo ti ra téèpù mìíràn. Àwọn kan gbé téèpù tiwọn sínú báàgì bọ̀. Ọ̀kan rántí búláòsì tí mo rán fún un ní Kérésìmesì, pé abájọ tó fi ń fún òun lábíyá. Búláòsì yẹn bá a mu bí awọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbà á. Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́.

Àjọkẹ́ kò yọ orí sí mi láti ẹnu ọ̀nà mọ́. Ó ń kí mi, mo ń jẹ́. Mo rò pé ìnáwó ló ń dà á láàmú, mo ní n óò máa fún un ní nǹkan díẹ̀díẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó wọlé wá. Abíọ́dún, ọmọ rẹ̀ obìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án, tẹ̀ lé e. Ó gbé yáàdì méjì aṣọ aláwọ̀ ewé lé mi lórí tábìlì. Àjọkẹ́ fúnra rẹ̀ wọ gáùn inú ìwé, èyí tí mo wọ̀n fún un, síìpù rẹ̀ dé ọrùn.

Mo gbé ojú kúrò lára gáùn náà.

"Mo ti ń rò ó, ẹ̀gbọ́n," ló ní. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Téèpù kan náà lẹ fi wọ̀n mí, lọ́jọ́ kan náà tí ẹ wọn Tíṣà. Mo tún lọ bá àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣọ tiwọn bá wọn mu. Téèpù tó nà kì í yan èèyàn."

Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo ní, "Àjọkẹ́, ìwé yẹn ń pa mí ni. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

"Ẹ̀ bá sọ ọ́," ló ní. "Ẹ̀ bá ti sọ ọ́, ǹ bá ti jó o." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Àwa Yorùbá kò pọ̀ níbí. Ẹ bá mi rán aṣọ ọmọ yìí, ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. N óò sanwó rẹ̀."

Mo mú téèpù tuntun, mo na ọwọ́ sí ọmọ náà. Àjọkẹ́ di èjìká Abíọ́dún mú, ó fà á sẹ́yìn sí ara rẹ̀.

"Mo ti wọ̀n ọ́n nílé," ló sọ. Ó yọ ìwé pélébé kan, ó gbé e lé aṣọ náà, wọ́n sì jáde.

Mo ka ohun tó kọ. Èjìká, mẹ́rìndínlógún. Mo ti rí ọmọ náà báyìí tó dúró níwájú mi. Èjìká rẹ̀ kò lè ju méjìlá àbọ̀ lọ, mo lè fi ẹnikẹ́ni búra. Àjọkẹ́ kò mọ téèpù lò, ó ti wọn apá mọ́ ọn. Mo dìde, mo dé ẹnu ọ̀nà láti pè é padà. Mo dúró níbẹ̀. Kí ni n óò sọ fún un? Pé ohun tó kọ kò tọ̀nà, kó gba tèmi gbọ́?

Mo gé e sí mẹ́rìndínlógún. Ní ọjọ́ Àìkú, mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ náà ń yọ́ bọ́ lára ọmọ náà, lápá ọ̀tún, lápá òsì, Àjọkẹ́ sì ń fà á sókè fún un ní gbogbo ìṣísẹ̀. Wọ́n kí mi, mo jẹ́.